Ẹ̀yìn Ẹni Tí Ń Tún Ọkọ̀ Ṣe

  

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mo fẹ́ bá yín sọ. N kò sọ ẹ̀yìn ilé, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ ẹ̀yìn ọ̀la. Ẹ̀yìn tí a fi ń pọn ọmọ ni mò ń wí, èyí tí a fi ń wa àjẹ̀, tí a fi ń fa àwọ̀n, tí a sì fi ń dúró níwájú ènìyàn bí ènìyàn.

Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, láti Igbókòdá títí dé etí òkun, omi ni ọ̀nà, ọkọ̀ sì ni ẹsẹ̀. Orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé dúró lé, pákó ni a sì tẹ́ láti ilé kan dé èkejì kí ẹsẹ̀ lè rí ibi tẹ̀. Iyọ̀ inú òkun ń jẹ irin, kòkòrò ń lu igi tó wà nínú omi, oòrùn ń la pákó, ìgbì ń mi òpó. Nítorí náà, kò sí ohun tí a ṣe níbẹ̀ tí a lè sọ pé a ti ṣe é tán. Ohun tí a kàn lónìí, a óò tún un kàn lọ́la. Àwọn ará Ayétòrò mọ èyí dáadáa. Etí òkun gan-an ni wọ́n tẹ ìlú wọn dó sí ní 1947, wọ́n sì di olókìkí nítorí pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń kan ọkọ̀ tí wọ́n sì fi ń tún ẹ̀rọ ṣe. Láti ọdún mélòó kan wá ni òkun ti ń jẹ ìlú náà, tó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹni tí omi lé kúrò, á tú pákó ilé rẹ̀, á rù ú sẹ́yìn, á sì tún un kàn. Bí òkun ti ń sún mọ́ wa ni iṣẹ́ àtúnṣe ń pọ̀ sí i, ẹ̀yìn ènìyàn ni ó sì ń ru gbogbo rẹ̀.

Bí a bá ń ka ewu iṣẹ́ orí omi, ìjì àti ọkọ̀ tó dojú dé ni gbogbo wa ń rántí. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí kì í pariwo. Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, a ti so ó mọ́ òpó, omi pa rọ́rọ́. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì láti tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ó ní kí òun nà ró, ẹ̀yìn ní òun kò gbà. Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè kọjá kí ó tó lè wọ ọkọ̀ lọ sódò, ẹlòmíràn kò sì tún lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Oúnjẹ ilé ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ní 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ìrora ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń bá jà ní gbogbo ayé, kò sì sí àìsàn mìíràn tó ń sọ ènìyàn di aláìlèṣiṣẹ́ tó o. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni a ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti ṣe ẹ̀yìn. Ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀pá kan gbọọrọ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn. Egungun kéékèèké ni a tò léra wọn láti ọrùn dé ìdí. Nígbà tí a bí ọmọ, wọ́n jẹ́ 33. Bí ó ti ń dàgbà, 5 nínú wọn á so pọ̀ di ọ̀kan níbi ìbàdí, 4 tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á sì so pọ̀ ní ìdí. Àwọn 24 tó kù lókè ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n sì ń yí. Láàárín ọ̀pọ̀ nínú wọn, tìmùtìmù kékeré kan wà. Etí tìmùtìmù yìí le, ó dà bí okùn tí a hun yípo yípo. Àárín rẹ̀ rọ̀, omi ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí egungun máa lu egungun nígbà tí a bá fò láti inú ọkọ̀ sí èbúté.

Lẹ́yìn àwọn tìmùtìmù wọ̀nyí ni ihò kan wà láàárín egungun, ibẹ̀ ni okùn ìmọ̀lára gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọpọlọ. Ẹ̀ka rẹ̀ ń yọ sí ọ̀tún àti sí òsì, àwọn kan lọ sí itan àti ẹsẹ̀, àwọn kan lọ sí ibi tí a fi ń tọ̀ àti ibi tí a fi ń yàgbẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni àwọn iṣan alágbára wà, tí wọ́n fa ọ̀pá ẹ̀yìn mú bí okùn ti ń fa òpó ìgbòkun mú kí ó má baà ṣubú. Bí etí tìmùtìmù bá ya, àárín rẹ̀ tó rọ̀ lè yọ jáde kí ó sì tẹ okùn ìmọ̀lára mọ́lẹ̀. Ní 1934, àwọn oníṣègùn méjì ní Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, William Mixter àti Joseph Barr, kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí ni ó ń fa ìrora tó ń gba ìdí sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀yìn ni ó bàjẹ́, ẹsẹ̀ ni ó ń ké.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wá kí a ṣe ìdánwò kan. Ẹ mú àjẹ̀ kan. Ẹ dì í mú láàárín gan-an kí ẹ gbé e sókè: ó fúyẹ́. Ẹ wá di ìdí rẹ̀ nìkan mú, kí ẹ na iyókù síwájú yín. Kò ní pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ yín yóò fi máa gbọ̀n. Àjẹ̀ náà kò wúwo sí i o. Jíjìnnà ni ó jìnnà sí yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún ẹ̀yìn.

Ẹ mú bébà kí a ṣírò rẹ̀. Iṣan tó ń fa ẹ̀yìn mú kò jìnnà sí àárín tìmùtìmù ju bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Bí ènìyàn bá na ọwọ́ gbé irin tó wúwo tó kílò 10, tí irin náà sì jìnnà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50, irin jìnnà ní ìlọ́po 10 ju iṣan lọ. Iṣan gbọ́dọ̀ fà pẹ̀lú agbára tó tó kílò 100 kí irin kílò 10 má baà já bọ́. Bí ó bá sún mọ́ irin náà títí ó fi ku sẹ̀ǹtímítà 20, kílò 40 ni iṣan yóò fà. Irin kan náà ni, ènìyàn kan náà ni. A kò sì tí ì ka ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́ ọn. Orí, apá àti àyà wúwo ju ìdajì ara lọ. Ẹni tó wúwo tó kílò 70, bí ó bá tẹ̀ síwájú lásán láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, ó ti gbé ju kílò 35 dání ná.

Oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Swídìn, Alf Nachemson, fi abẹ́rẹ́ wọn bí ìnira ṣe pọ̀ tó nínú tìmùtìmù ẹ̀yìn àwọn ènìyàn alààyè ní àwọn ọdún 1960. Bí a bá pe ti ẹni tó dúró ṣánṣán ní 100, ti ẹni tó sùn gbalaja jẹ́ bíi 25, ti ẹni tó tẹ̀ síwájú jẹ́ bíi 150, ti ẹni tó tẹ̀ síwájú tó sì di ẹrù mú kọjá 200. Ẹ rí i pé kí ẹrù tó dé ni títẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ibi tirẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Olùkọ́, èmi kò gbé ohun tó wúwo. Sípánà lásán ni mo mú lọ́wọ́.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n báwo ni o ṣe pẹ́ tó lórí ìbẹ̀rẹ̀? Àwọn iṣan tó so egungun mọ́ egungun dà bí okùn tútù: bí a bá fà á fún ìgbà pípẹ́, á gùn, kì í sì í tètè padà sí bí ó ti wà. Ní 1992, Stuart McGill àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà ní kí àwọn kan tẹ̀ síwájú fún 20 ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n nà ró tí wọ́n sì sinmi fún ìṣẹ́jú 2, ìdajì péré ni líle ẹ̀yìn wọn tíì padà. Ẹ fi èyí wé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì fún wákàtí kan, tó sì fò dìde, tó gbé ẹ́ńjìnnì náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ dẹ̀ jù lọ ni ó di ẹrù tó wúwo jù lé e. Kí ó ti dìde, kí ó rìn díẹ̀, kí ó mu omi, kí ó tó gbé nǹkan, ìbá sàn fún un.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù náà ní ewu tirẹ̀. Lóru tí a bá sùn, tìmùtìmù ń mu omi, ó ń wú. Nítorí náà ni ènìyàn fi ń ga ní òwúrọ̀ ju alẹ́ lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ fi ẹfun sàmì sára ògiri bí ẹ bá jí, ẹ sì tún sàmì lálẹ́, ẹ óò rí i fúnra yín. Tìmùtìmù tó wú kì í fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Ẹni tó bá jí, kí ó fi iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Kí ó ti ṣe èyí tí a ń dúró ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iṣẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ìdí ọkọ̀ ni ó máa ń wà, orí rẹ̀ lókè, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe á kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, á yọ àyà kọjá ìdí ọkọ̀, á na apá méjèèjì sísàlẹ̀, á sì yí ìbàdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè ríran. Ó tẹ̀, ó nà, ó yí, ọkọ̀ sì ń mì. Kò sí ohun tí ẹ̀yìn kórìíra ju mẹ́ta wọ̀nyí pọ̀ lọ. Ẹ yí ìdí ọkọ̀ sí ilẹ̀ kí ẹ lè dúró níwájú ẹ́ńjìnnì. Bí iṣẹ́ náà yóò bá pẹ́, ẹ tú ẹ́ńjìnnì kúrò, kí ẹ sì gbé e kọ́ sórí igi tí a kàn ga dé ìbàdí. Ẹ́ńjìnnì tí a ń pè ní agbára ẹṣin 40 wúwo ju kílò 65 lọ, kì í ṣe ẹrù ẹnì kan. Àwọn yíyàn méjì ni ó wà: ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, tàbí ṣéènì tí a fi kọ́ òpó tó lágbára. Àwọn àgbà wí pé àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Igbá lásán ni wọ́n ń sọ, wọn kò tí ì rí ẹ́ńjìnnì.

Èkejì ni dídí ihò ọkọ̀. Òwú àti ọ̀dà ni a fi ń dí i, abẹ́ ọkọ̀ ni ihò sì máa ń pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán tí ń gbá òwú wọ inú ojú ìlà pákó. Ẹ pe ènìyàn kí ẹ dojú ọkọ̀ dé tàbí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì fi ìtì igi gbé e sókè kúrò ní ilẹ̀, kí ẹ dè é dáadáa. Ibi tó bá rẹlẹ̀, ẹ jókòó lórí àpótí. Ibi tó bá ga, ẹ dúró. Kí iṣẹ́ wá bá ènìyàn; kí ènìyàn má máa ká ara rẹ̀ kò bí òkíká tọ iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹta ni òpó àti pákó ilé. Ẹni tó ń ṣe abẹ́ ilé láti inú ọkọ̀ kékeré á nàgà, apá rẹ̀ lókè orí, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí kò ní kí ọmọdé nàgà títí iṣan rẹ̀ yóò fi já. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé kí á wá ohun tó yẹ ọwọ́ wa. Ẹ tẹ́ pákó sórí igi méjì kí ẹ gun orí rẹ̀. Ẹ so àpò ìṣó mọ́ ìbàdí kí ẹ má máa bẹ̀rẹ̀ mú un ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Bí ẹ bá ń fa òpó tó ti jẹrà tu, ẹ fi igi gbọọrọ jìn ín láti ìdí. Ẹ má ṣe dì mọ́ ọn bí ẹni ń jìjàkadì.

Ẹ̀kẹrin kan àwọn ìyá wa àti ẹ̀yin ọmọ: gbígbọ́n omi ọkọ̀ àti gbígbá ilẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì tó gba lítà 25, bí ó bá kún, ó wúwo ju ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 6 lọ. Ẹ gbọ́n ọn ní ìdajì ìdajì, kí ẹ dojú kọ ibi tí ẹ ń dà á sí, kí ẹ fi ẹsẹ̀ yí, kì í ṣe ìbàdí. Ìgbálẹ̀ tí ó kúrú, ẹ fi igi gùn ún, kí ẹ̀yin ìyá wa lè máa gbálẹ̀ ní ìdúró.

Ní 1991, àwọn onímọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà yàn sórí ààbò òṣìṣẹ́ ṣírò pé kílò 23 ni ó yẹ kí ènìyàn gbé bí gbogbo nǹkan bá dára: ẹrù súnmọ́ ara, ó wà ní gígùn ìbàdí, ó ní ibi ìdìmú, a kò sì yí. Bí ẹrù bá jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 50, ìdajì rẹ̀ ni. Ẹ rántí pé àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Àwọn olùwádìí tún rí i pé kíkọ́ òṣìṣẹ́ bí a ti ń tẹ orúnkún gbé ẹrù nìkan kò dín ìrora ẹ̀yìn kù tó bí a ti rò tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ hàn kedere: bí ibi iṣẹ́ kò bá yí padà, ìmọ̀ kò ní àyè. Ọ̀gá tó ra àpótí àti igi ìgbékọ́ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe ju ẹni tó ń pariwo pé “ẹ máa ṣọ́ra” lọ.

Nígbà tí ẹ̀yìn bá ti ń dunni, kí ni àwa máa ń ṣe? A ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. A ó dá ṣúgà àti ọsàn lẹ́bi, a ó mu àgbo tí a rẹ sínú ọtí. Jẹ̀díjẹ̀dí jẹ́ àìsàn lọ́tọ̀, ó ní ibi tirẹ̀ ní ìdí; kì í ṣe òun ni ó mú ọ tẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì ní wákàtí 3. Àwọn mìíràn á mu oògùn ìrora lójoojúmọ́, àwọn kan á tilẹ̀ mu tramadol kí wọ́n lè padà síbi iṣẹ́. Oògùn kò tún tìmùtìmù ṣe. Ó kàn pa ẹnu ẹ̀yìn dé ni. Ẹni tí kò gbọ́ igbe ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ yóò tún gbé èyí tó wúwo jù. Oògùn ìrora tí a ń mu láìdáwọ́dúró ń ba inú àti kíndìnrín jẹ́, tramadol sì ń sọ ènìyàn di ẹrú ara rẹ̀.

Ohun tó dára ni pé ọ̀pọ̀ ìrora ẹ̀yìn ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì rò pé kí ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹní títí di ìgbà náà. Ní 1995, ní ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Fíńlándì, wọ́n pín òṣìṣẹ́ 186 tí ẹ̀yìn ń dùn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan sùn fún ọjọ́ méjì, àwọn kan ṣe eré ìdárayá pàtó fún ẹ̀yìn, àwọn yòókù ń lọ ń bọ̀ níwọ̀n bí ìrora ti gbà wọ́n láyè. Àwọn tó ń lọ ń bọ̀ ni ara wọn kọ́kọ́ yá. Nítorí náà, ẹ máa rìn, ẹ máa ṣe iṣẹ́ kéékèèké, ẹ fi aṣọ gbígbóná jó ẹ̀yìn, ẹ yẹra fún ẹrù àti ìbẹ̀rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí abẹ́ àti àárín itan bá kú tipiri, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde tàbí tó ń jáde láìròtẹ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni o, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà, ẹ má dúró de olóògùn. Ìdádúró lè sọ ènìyàn di arọ títí ayé. Bákan náà ni kí ẹ tètè lọ bí ìrora bá bá ibà rìn, bí ara bá ń rù, tàbí bí ènìyàn bá ṣubú láti orí pákó kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè wọ egungun ẹ̀yìn, oògùn rẹ̀ sì wà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilé-iṣẹ́, òfin kan wà tí a ṣe ní 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ó ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá náà sì kọ̀wé sí àjọ NSITF láàárín ọjọ́ 7. Ẹ̀yìn tó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun ìtìjú láti sọ ọ́. Ẹni tó fi í pamọ́ ni yóò dá nìkan ru ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ fi han ọ̀gá yín pé alágbára ni yín. Ẹ rántí ohun tí àwọn àgbà wí: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan mẹ́rin sọ́kàn. Sún mọ́ iṣẹ́. Gbé iṣẹ́ sókè dé ìbàdí. Nà ró ní gbogbo ìṣẹ́jú 20. Pe ẹnìkejì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ná wa ní owó púpọ̀. Òkun kò ní yé jẹ pákó wa, iyọ̀ kò sì ní yé jẹ irin wa. A ó ra pákó mìíràn, a ó ra irin mìíràn. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni a gbé wá sáyé.